Ẹ̀rọ Sinimá Tí O Ní Kí N Má Fọwọ́ Kàn

Régis ọmọ mi, ọkọ Maryvonne,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Maryvonne ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀, àbí ó ṣì ń fi jí gbogbo ará ilé? Màríà Ìyá Olúwa á máa ṣọ́ yín ní Toulouse níbẹ̀, mọ́tò kò ní mọ ojú yín, àtẹ̀gùn ilé gíga yín kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ohun tí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́, etí yín kò ní gbọ́ ọ. Èmi ìyá rẹ wà láàyè, mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, àfi eékún òsì tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun náà kò sì purọ́ rí, kò dà bí ọkùnrin inú rédíò. Ewúrẹ́ wà. Òrùlé ṣì ń jò níbi tó ti ń jò.

Mo tẹ̀ ọ́ láago ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ọkùnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ ló sì fi ń sọ̀rọ̀, ó ní òun Régis kò sí nílé, kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Mo kí i, mo bi í léèrè irú ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ń wá nílé ọmọ mi nígbà tí ọmọ mi kò sí níbẹ̀, kò dáhùn. Mo ní ó dáa, bí o ò tiẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé, ṣáà bá mi jíṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, mi ò tíì dé ìdajì tó fi han píì sí mi létí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Bó bá jẹ́ alágbàṣe ni, lé e lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálámù, torí ìwé kì í han mọ́ èèyàn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, àti fọ́ọ̀mù ilé àwọn arúgbó tó o fi sínú rẹ̀. Mo kà á. O ní ẹnikẹ́ni kì í wá sọ́dọ̀ mi mọ́, o ní ewúrẹ́ nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, o ní bí mo bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú òtútù yìí, ọjọ́ á gorí ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, pé bí Àjíǹde bá ti kọjá, kí n ti ilé pa, kí n kó ẹrù mi wá sí Toulouse, yàrá ti wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ohun tó sì jẹ́ kó dùn mí ni pé òótọ́ ni. Ká ní irọ́ ni, mi ò bá kàn bú ọ, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán.

Mo ti kọ nǹkan sí fọ́ọ̀mù náà, màá sọ ohun tí mo kọ fún ọ, ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, wá ibi kan jókòó sí. Ṣé o ti jókòó? Mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ.

Má tíì pariwo, jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà rántí bí àwọn ẹ̀rọ yẹn ṣe dé ilé mi. Maryvonne ló ní kí o yan ọ̀kan, yálà òun tàbí àwọn ẹ̀rọ sinimá àwọn òkú tó gba gbogbo pálọ̀, pé òun ò lè máa fi orúnkún gbá irin ní gbogbo ìgbà tí òun bá dìde láti bu omi mu. Mi ò dá a lẹ́bi. Lo bá fi kúbùsù dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun, o gbé wọn wá sí yàrá òkè tí bàbá rẹ máa ń sá àsálà sí. O ní wọ́n ti pẹ́, pé nígbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni àwọn ọlọ́lá ń rà wọ́n sílé láti fi máa wo ara wọn, pé àwọn èèyàn ń wá wọn kiri lónìí lọ́jà àlòkù àti nílé ẹni tó kú, wọ́n sì ń jà sí i. Mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n máa ń gbé jáde bí o bá yí wọn. O ní o kò yí èyíkéyìí nínú wọn rí, pé yíyí ló ń mú kí wọ́n gbó. O ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n, kí n má nù wọ́n, pé eruku ara wọn gan-an ni iyì wọn. Ṣùgbọ́n mo rò ó nínú mi pé ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n nu eruku kúrò lára ẹ̀rọ, òun náà ló fẹ́ gbá ìyá rẹ̀ jáde nínú ilé.

Ohun tó fà á nìyí. Àsálà ọdún yìí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó o wà ní kékeré, bí òtútù bá ti mú báyìí, ilé kan lónìí, ilé mìíràn lọ́la, gbogbo àdúgbò á péjọ yí tábìlì ká, wọ́n á máa fọ́ àsálà onílé kó tó lọ fún òróró rẹ̀, òòlù kékeré á wà lọ́wọ́ ọkùnrin, obìnrin á máa ṣa ọmọ àsálà kúrò nínú èèpo, òfófó á máa lọ, wáìnì á máa lọ. Kò sí ẹni tó lè dá tirẹ̀ fọ́ tán kó tó bàjẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí Odette, ará òdìkejì ọ̀nà, tí èmi àti ẹ̀ jọ gba ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àká, ilé rẹ̀ ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ. Wọn kì í sì í fọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á la ẹnu, wọ́n á máa wo àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gba ọkọ ara wọn. Òtútù èṣí kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbé òòlù wá sílé mi. Ti ọdún yìí náà tún fẹ́ máa lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àpò àsálà mi dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń wò mí, mò ń wò wọ́n. Ọjọ́ tó kàn mí nílé ìfún-òróró sì ń bọ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀, àsálà tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, ewúrẹ́ gan-an kò ní jẹ ẹ́.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo sunkún díẹ̀, mo sì bínú púpọ̀. Inú ìbínú yẹn ni mo bá gun òkè lọ. Mo ní bó bá jẹ́ àwòrán ni wọ́n fẹ́ wò, èmi náà ní àwòrán nílé. Mo mú èyí tó kéré jù, dúdú báyìí, tó jọ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ kọfí, ọwọ́ yíyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan kan tó dà bí dínámò kẹ̀kẹ́ sì wà nídìí rẹ̀, tó jẹ́ pé bí o bá ṣe ń yí i ni iná rẹ̀ ń tàn. Ẹ̀rọ tó lójú àánú nìyẹn, kì í fi ìwé owó iná ránṣẹ́ sí èèyàn.

Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Inú rẹ á dùn láti gbọ́ pé ó ń dán báyìí, kò sí eruku kankan lára rẹ̀ mọ́, èyí tó wà nínú kọ̀rọ̀ ni mo fi abẹ́rẹ́ yọ. Ọwọ́ rẹ̀ le díẹ̀, mo wá bu òróró àsálà sí gbogbo eyín rẹ̀, èyí tó dára jù lọ, tí èmi fúnra mi kì í jẹ bí kò bá ṣe ọjọ́ Kérésì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ń ta sánsán bíi sàláàdì.

Fíìmù kan ṣoṣo ló bá a wá, nínú agolo pẹlẹbẹ, ó tín-ín-rín bí okùn bàtà, ihò rẹ̀ wà láàárín gbùngbùn. Dókítà Vergnolle tó gbẹ̀bí rẹ ló ni ín, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ta ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn tó kú, níbẹ̀ lo ti rà á. O fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sára agolo náà pé àwọn ará oko kan ni, kò níye lórí. Mo kà á, mo tún un kà. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ará oko kan.

Mo ní kí Josiane tó ń pín lẹ́tà máa sọ ọ́ láti ojúlé dé ojúlé pé sinimá máa wà nílé mi ní Sátidé, irú èyí tí kò sí nínú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí ìwòran ọ̀fẹ́ o, kí kálukú mú òòlù rẹ̀ dání, ẹni tó bá fọ́ agbọ̀n kan ló máa wò. Josiane ní Ìyá Régis, ṣé kò sí o? Mo ní lọ jíṣẹ́ tí mo rán ọ.

Wọ́n wá, ọmọ mi. Wọ́n wá torí wọ́n rò pé mo ti ya wèrè, kò sì sí ohun tó ń kó èèyàn jọ lábúlé bíi kí wọ́n gbọ́ pé orí ẹnì kan ti yí. Firmin àgbà wá, òun àti ọ̀pá rẹ̀. Odette wá nínú aṣọ Àìkú, ó ní òun kàn yà ni, òun ò ní pẹ́, eré òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo fi òòlù lé e lọ́wọ́. Wọ́n fọ́ àsálà títí agbọ̀n fi kún, Firmin ń ráhùn pé òun ti fi owó wo sinimá rí, òun ò tíì fi èékánná wò ó rí.

Mo ta aṣọ ibùsùn ìgbéyàwó mi sára ògiri, mo pa iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí mo bá yí i kíákíá, ojú á mọ́, gbogbo wọn á máa sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Bí apá mi bá rọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wọn. Abúlé wa ló jáde sórí ògiri. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, ọ̀kan lára igi àsálà Firmin, èyí tí àrá padà sán pa nìyẹn, ọdún tó tẹ̀lé òpin ogun, wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn lu àsálà sílẹ̀, dókítà sì ń yà wọ́n. Èmi kò sí níbẹ̀ o, èmi wà nílé ìdáná mò ń se ọbẹ̀ tí gbogbo wọn máa jẹ, dókítà kò sì ya ọbẹ̀. Ariwo sọ nínú ilé. Kálukú ń pe òkú rẹ̀ lórúkọ.

Ẹni tó tún yọ ni Odette fúnra rẹ̀, ọmọge pọ́ńbélé. O mọ̀ pé Odette máa ń sọ fún gbogbo ayé pé nígbà tí òun wà lọ́mọge, ẹsẹ̀ òun kò kan ẹrẹ̀ rí. Ó ń rìn bọ̀ lórí ògiri, ó ń yí ọrùn síbí yí i sọ́hùn-ún kí dókítà lè rí i dáadáa, kò rí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ rí i. Ó sá, ẹlẹ́dẹ̀ gbá tẹ̀ lé e, ó yọ̀, ó fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ gbàà, fíìmù náà kò lóhùn ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni Firmin sáré wọlé sínú àwòrán, ó fà á dìde. Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn. Odette bínú dìde, ó ní kì í ṣe òun nìyẹn, ìbátan àwọn kan tó wá kí àwọn láti Brive ni. Firmin ní Odette, jókòó jẹ́ẹ́, èmi ni mo fà ọ́ dìde lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn mi ò tíì bọ̀ sípò títí dòní. Odette ní àgbàyà ni ọ́, Firmin, àgbàyà sì ni ẹni tó gbé ọ wá. Ó jáde, ó gbá ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ibi tí ilẹ̀kùn ti ń dún lọ́wọ́ ni bàbá rẹ jáde sórí ògiri. Élie ọkọ mi, nígbà tí kò tíì di ọkọ mi, ọmọ ọdún méjìlélógún, òun àti ọ̀pá tó fi ń lu àsálà. Irun wà lórí rẹ̀, ìwọ tó jẹ́ pé orí rẹ̀ dídán nìkan lo mọ̀. Ó wo ojú wa, ó ṣí fìlà kí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó dé e padà, ó kẹ̀yìn sí wa, ó gbé ọ̀pá lé èjìká, ó sì gba ọ̀nà odò lọ títí ó fi kéré bí eèrà, títí kò fi sí mọ́. Fíìmù parí síbẹ̀. Mi ò lè dáwọ́ dúró. Apá mi ṣì ń yí ẹ̀rọ náà, funfun nìkan ló kù lára ògiri, Firmin ló rọra di ọwọ́ mi mú.

Régis, o lọ fi owó ra bàbá rẹ, o gbé e padà wá sílé ara rẹ̀, o sì kọ ọ́ sí i lára pé kò níye lórí. Mi ò bínú. O kò yí i wò ni.

Nígbà tó di Sátidé kejì, wọ́n kún inú ilé dé ẹnu ọ̀nà, ewúrẹ́ náà wọlé. Odette nìkan ni kò wá. Mo rò pé inú mi máa dùn pé mo borí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn tó bí mo ṣe rò, mo ṣáà ń wo àga tó jókòó sí. Wọ́n fọ́ àsálà, mo pa iná, mo yí ẹ̀rọ, mo rí i pé ó ń wúwo mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ rọra lé Odette jẹ́jẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ fi máa rìn lọ sí odò tán, ọwọ́ ẹ̀rọ náà gan pa, kò lọ mọ́. Wọ́n bi mí ohun tí mo fi sí i. Mo ní òróró àsálà. Gbogbo ilé dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé háà, Ìyá Régis! Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí. Àtìgbà ìyá mi ni mo ti ń fi òróró yẹn pa tábìlì kí ó lè gbẹ, kí ó le, kí ó máa dán, mo sì tún lọ dà á sínú eyín irin. Èèyàn tó dàgbà sínú àsálà ló ṣe bẹ́ẹ̀ o. Firmin ní ká fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ sí i, a fi sí i, kò mì. Ni inú bá bí mi, mo fi gbogbo agbára mi fà á sẹ́yìn.

Ó lọ sẹ́yìn. Wẹ́rẹ́ báyìí ló ń lọ. Fíìmù kò mọ ibi tó máa gbà mọ́, ó ń dà jáde bí ìfun adìẹ, Firmin sáré gbé abọ́ sàláàdì sí i nídìí. Ohun tó kọ́kọ́ jáde, màá fi sẹ́yìn ná. Ohun tó tẹ̀ lé e ni Firmin, tó ki Odette mọ́lẹ̀, tó sì fi í jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà ni Odette ta kìjí jáde nínú ẹrẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹlẹ́dẹ̀ ń fi ẹ̀yìn sá fún un, òun náà sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ bí ayaba. Àsálà ń fò láti ilẹ̀ padà sórí igi. Ìgbà náà ni ẹnì kan gbá fèrèsé. Àṣé Odette wà níta nínú òtútù láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó ń yọjú. Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún òun. Ó wọlé, imú rẹ̀ pọ́n, ó ní ẹ ti fojú ara yín rí i báyìí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, irọ́ ni ẹ wò ní Sátidé tó kọjá. Firmin ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé òun lòun tì í sínú ẹrẹ̀. Odette ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, òun kàn ń fi ọ̀rọ̀ sínú ni. Mo bu wáìnì fún un. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní kí a fi ọwọ́ ká fíìmù padà, kí n tún un yí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kò wá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló máa ń jókòó sí kí ẹnikẹ́ni má bàa gbìyànjú láti yí i síwájú. Wọ́n ti fọ́ àsálà mi tán. A gbé e lọ sílé ìfún-òróró lọ́jọ́ tó kàn mí gẹ́lẹ́, ìgò tìrẹ wà nílẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Ní báyìí, ti Firmin la ń fọ́, inú ilé mi náà la ti ń fọ́ ọ.

Wàyí o, fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bi mí ẹni tó ń wá kí mi, mo kọ orúkọ gbogbo wọn, àyè kò gbà á, mo kọ ìyókù sí etí ìwé. Níbi tí wọ́n ti bi mí bóyá mo ti ṣubú lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo kọ ọ́ pé Odette ló ṣubú, ṣùgbọ́n ó ti dìde. Níbi tí wọ́n ti bi mí ohun tí mo máa kó wá, mo kọ ọ́ pé gbogbo ẹ̀rọ sinimá ọmọ mi, tábìlì ńlá, ewúrẹ́ kan, àti Firmin bó bá gbà. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀gá ilé náà fèsì, ó kọ̀wé tó níwà, ó ní lẹ́yìn tí àwọn gbé e yẹ̀ wò dáadáa, àwọn rò pé ilé àwọn kò ní gbà mí. Mo fi ìwé náà sínú èyí kí o lè kà á fúnra rẹ. Torí náà, mi ò wá mọ́, kì í ṣe pé mo ṣàìgbọràn sí ọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Mo mú káàdì tó o fún mi lọ bá ẹ̀rọ tó ń pọ owó lára ògiri báǹkì. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àṣírí mi. Mo wo ẹ̀yìn, èèyàn wà níbẹ̀, mo bá fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rọra sọ ọ́ sínú ihò rẹ̀. Mo tún un sọ. Ó gbé káàdì náà mì. Mo dúró títí kó lè pọ̀ ọ́, kò pọ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sínú ìwé bíi ti ọmọ gidi, mo fẹ́ ra aṣọ ibùsùn mìíràn, torí èyí tó wà lára ògiri kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, àti wáìnì, torí àwọn tó ń wo sinimá mi mọ̀ ọ́n mu.

Ó ku ohun tí mo fi sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo fa ẹ̀rọ náà sẹ́yìn, ọ̀nà odò ló kọ́kọ́ jáde, òfìfo. Nígbà tó yá, nǹkan kékeré kan bí eèrà wà lópin rẹ̀. Ó ń tóbi bọ̀. Bàbá rẹ ni, ó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wálé, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, bó ṣe máa ń wọlé nígbà tó bá ti ilé ọtí bọ̀ tí kò fẹ́ kí n gbóòórùn ẹnu òun. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ̀ títí ó fi sún mọ́ mi, ó sọ ọ̀pá kalẹ̀, ó yíjú sí mi, ó sì ṣí fìlà fún mi.

Mo mọ̀ pé o ní irin iṣẹ́ tó lè tú ọwọ́ ẹ̀rọ yẹn, kó tún máa lọ síwájú bó ṣe yẹ. Mo bẹ̀ ọ́, má tú u. Bó bá lọ síwájú, bàbá rẹ ń lọ nìyẹn, mo sì ti rí ìyẹn rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà yìí jáde. Ẹ̀ẹ̀kan tó.

Olúwa á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, á fún Maryvonne ní sùúrù sí i, ilé yín kò ní dá páropáro, ẹni tí ẹ fẹ́ràn kò ní jìnnà sí yín. Wá ní Sátidé, ìwọ àti ìyàwó rẹ. Ìwọ lo dàgbà jù ú lọ báyìí, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni. Bó bá dé, tó yíjú sí ọ, tó sì kí ọ, kí ìwọ náà ṣí fìlà rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Léontine